Bùútù Ọdẹ: Àbọ̀ Ni Kí Ẹ Rà Á Fún

Àwọn ọmọ Yorùbá tí a jọ ń gbé ní Denver, tí wọ́n bá fẹ́ bá mi lọ sígbó ọdẹ nígbà ìwọ́wé, ọ̀rọ̀ ìbọn ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ bi mí. Èmi a ní kí wọ́n jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ ná. Òkè-Ògùn ni wọ́n ti bí mi, ọdẹ ni bàbá mi, mo mọ iyì ìbọn. Ṣùgbọ́n lórí àwọn òkè Rocky, ìbọn lè má dún ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ẹsẹ̀ ni kò ní í sinmi láti àfẹ̀mọ́júmọ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Elk là ń lé. Ìrísí rẹ̀ jọ ti àgbọ̀nrín, ṣùgbọ́n akọ rẹ̀ lè wọ̀n ju 300 kílò lọ, kò sì sí ìpínlẹ̀ tí elk pọ̀ sí tó Colorado ní gbogbo Amẹ́ríkà. Oṣù Kẹwàá àti Oṣù Kọkànlá ni àwọn tó ń fi ràífù dọdẹ máa ń wọgbó. Ibi tí à ń wá a dé lè fi 2,500 sí 3,500 mítà ga ju òkun lọ. Ilẹ̀ tó dì gbagidi láàárọ̀ á di ẹrẹ̀ lọ́sàn-án, yìnyín sì lè bò ó kó tó dalẹ́. Ní Òkè-Ògùn, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí iná bá ti jó igbó, ni ọdẹ máa ń ríran jìnnà. Ilẹ̀ gbẹ, bàtà róbà sì tó o rìn. Bàtà yẹn kò lè gbani lórí àwọn òkè wọ̀nyí.

Ìlànà kan ni mo ń tẹ̀ lé: àbọ̀ ni kí ẹ ra bàtà fún. Lálọ, ìbọn, omi àti oúnjẹ díẹ̀ la gbé. Tí elk bá ṣubú, lọ́pọ̀ ìgbà mọ́tò kò lè débẹ̀. A ó kun ún síbẹ̀ ni, itan ẹ̀yìn kan ṣoṣo pẹ̀lú egungun rẹ̀ sì lè tó 30 kílò. Òfin Colorado kò gbà kí ọdẹ fi ẹran tó ṣeé jẹ sílẹ̀ kó bàjẹ́, nítorí náà ẹ̀yìn la ó fi gbé e sọ̀ kalẹ̀, lórí òkúta àti igi tó wó, nígbà mìíràn nínú òkùnkùn. Ibẹ̀ la ti ń mọ bàtà tó yẹ ọdẹ.

Ẹ kọ́kọ́ yẹ àtẹ́lẹ̀ rẹ̀ wò. Ẹ fi ọwọ́ kan di imú bàtà mú, kí ẹ fi èkejì di gìgísẹ̀ rẹ̀, kí ẹ wá lọ́ ọ bí ẹni ń fún aṣọ. Tó bá lọ́ wẹ́rẹ́, ẹ dá a padà. Bí ẹrù bá ti wà lẹ́yìn yín, gbogbo òkúta lẹ ó máa mọ̀ lára. Àtẹ́lẹ̀ róbà eléyín jíjìn tí ọ̀pọ̀ bùútù ń lò lónìí, ikú ló bí i. Lọ́dún 1935, àwọn mẹ́fà tó bá Vitale Bramani, ará Ítálì, gun òkè Alps kú sínú òtútù, bàtà wọn sì wà lára ohun tó fà á. Ìyẹn ló mú kí ó ṣe àtẹ́lẹ̀ tí à ń pè ní Vibram, tó gba àṣẹ lé lórí lọ́dún 1937. Kí ọrùn bàtà náà ga tó ìǹsì 8, kí ó di kókósẹ̀ mú, kí ẹsẹ̀ má baà rọ́.

Ó wá ku bó ṣe gba ẹsẹ̀ sí. Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù, nítorí ẹsẹ̀ a máa wú díẹ̀ bí ọjọ́ ṣe ń lọ. Ẹ mú ìbọ̀sẹ̀ tí ẹ ó wọ̀ gan-an dání. Ẹ so okùn bàtà le, kí ẹ dúró níbi tó dà gẹ̀rẹ́, kí ẹ kọjú sísàlẹ̀. Tí ọmọ ìka bá kan imú bàtà, ó ti kéré: èékánná á dúdú, ó sì lè yọ, kí ẹ tó ru ẹran délẹ̀. Tí gìgísẹ̀ bá ń gbéra nínú bàtà bí ẹ ṣe ń gòkè, ìléròrò ń bọ̀. Bó ti wù kí orúkọ ara bàtà lókìkí tó, tí kò bá gba ẹsẹ̀ yín, kì í ṣe tiyín.

Òtútù lọ̀pọ̀ ọmọ wa ń bẹ̀rù jù, wọn a sì sáré ra èyí tó nípọn jù. Ẹ wo nọ́ńbà gíráàmù ohun amóoru tó wà nínú rẹ̀, irú bíi Thinsulate. 200 tàbí 400 tó ẹni tó ń rìn. 800 sókè wà fún ẹni tó ń jókòó de ẹran. Ẹni tó wọ 1,000 gun òkè á làágùn, bó bá sì jókòó, òógùn yẹn ni yóò mú ẹsẹ̀ rẹ̀ dì. Ẹ wá èyí tó ní Gore-Tex nínú, ohun tí Bob Gore ṣàwárí lọ́dún 1969: ihò rẹ̀ kéré débi pé omi kò ráyè wọlé, àmọ́ ooru òógùn ń ráyè jáde. Kí ìbọ̀sẹ̀ jẹ́ ti irun àgùntàn, nítorí òwú tó bá ti mumi kì í móoru mọ́.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Bàtà Oṣù Kẹwàá, Oṣù Keje ni kí ẹ ti rà á. Ẹ máa wọ̀ ọ́ nílé, lẹ́yìn náà kí ẹ di ìrẹsì sínú àpò ẹ̀yìn, kí ẹ máa fi gun àtẹ̀gùn, kí ẹ sì máa fi sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan ra tirẹ̀ nígbà tí ìrìn ku ọ̀sẹ̀ kan. Lọ́jọ́ kejì, gìgísẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ti bó, inú àgọ́ ló sì wà títí a fi ṣe tán.

Bùútù tó dáa lè gbà tó 300 dọ́là tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Owó aṣọ aláwọ̀ ewé ni kí ẹ fi kún un. Òfin Colorado ti ní kí ẹni tó ń lo ràífù wọ àwọ̀ ọsàn tàbí píǹkì tó ń tàn yòò sókè ìbàdí àti sórí, kí ọdẹ mìíràn má baà ṣì í yìn. Aṣọ olówó ńlá tó jọ ewé, abẹ́ ìyẹn ni yóò wà.

Nítorí ẹran náà gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí ṣe ká mi lára. Bí a bá ti gba ẹ̀mí rẹ̀, ojúṣe wa ni kí ẹran ara rẹ̀ délé, kó di ọbẹ̀ àwọn ọmọ wa. Kí ẹ tó gbé ojú sídìí ìbọn, ẹ ti bi ẹsẹ̀ yín bóyá ó lè rù ú bọ̀. Tí kò bá lè rù ú, ẹ má yìn.