Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́: Báwo ni ẹni tí kò ga, tí ọkàn rẹ̀ kò sì tíì balẹ̀, ṣe lè yan alùpùpù àkọ́kọ́ ní Kumasi?

Tí ẹ bá dúró nítòsí ọjà Kejetia nílùú Kumasi láàárọ̀, ẹ ó rí bí àwọn ọlọ́kadà ṣe ń gba àárín trotro àti táásì kọjá. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ yìí ló ń mú kí ọ̀pọ̀ èèyàn, títí kan àwọn ìyá ọlọ́jà àti akẹ́kọ̀ọ́, máa ronú pé ó yẹ kí àwọn náà ní alùpùpù tiwọn.

Àmọ́ ìbéèrè méjì ló sábà máa ń dá ẹni tí kò ga dúró: "Ṣé ẹsẹ̀ mi á kanlẹ̀?" àti "Tó bá fẹ́ ṣubú, ṣé màá lè gbé e dúró?"

Ìbẹ̀rù yìí kì í ṣe ti ojo. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ kì í sábà ṣubú nígbà tó bá ń sáré. Ibi tó ti fẹ́ dúró, tàbí ibi tó ti fẹ́ yí padà díẹ̀díẹ̀, ni alùpùpù ti máa ń gbé e ṣubú.

Kì í sì í ṣe pé obìnrin tàbí ẹni kúkúrú kò lè gùn ún. Ní Tamale, ní àríwá Ghana, àti ní Ouagadougou ní Burkina Faso, obìnrin lórí alùpùpù ti di ohun ojoojúmọ́. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé kí ẹ ra èyí tó bá ara yín mu.

Ẹ má wo agbára ẹ́ńjìnnì nìkan

Lọ́pọ̀ ìgbà, iye owó àti agbára ẹ́ńjìnnì ni ẹni tó ń tà á máa kọ́kọ́ sọ: "Èyí 125 ni, èyí 150 ni." Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ìbéèrè kejì nìyẹn. Èyí àkọ́kọ́ ni bí ìjókòó rẹ̀ ṣe ga tó àti bó ṣe wúwo tó.

Nínú ìgboro, ẹ́ńjìnnì 100 tàbí 125 tó láti gbé ẹnì kan àti ẹrù díẹ̀. Ẹni tó bá ní kí ẹ ra 200 "kí ẹ má baà tún pààrọ̀ rẹ̀ láìpẹ́" kò rò ó dáadáa fún yín. Alùpùpù tó bá ń dẹ́rù bà yín, inú ilé ni yóò máa wà.

Ẹ wọn ẹsẹ̀ yín kí ẹ tó kúrò nílé

Ẹ wọ bàtà tí ẹ máa fi gùn ún, ẹ fẹ̀yìn ti ògiri, kí ẹ fi ìwé kan sí àárín itan yín lókè pátápátá. Ẹ wá fi téèpù wọn ibẹ̀ dé ilẹ̀. Iye tí ẹ bá rí ni kí ẹ fi wé gíga ìjókòó tó wà nínú ìwé alùpùpù náà.

Síbẹ̀, nọ́ḿbà nìkan kò tó. Ìjókòó tó fẹ̀ máa ń ya itan, ẹsẹ̀ kò sì ní tètè kanlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi gbọ́dọ̀ jókòó lé e lórí gan-an. Ó kéré tán, kí iwájú ẹsẹ̀ méjèèjì kanlẹ̀ dáadáa. Tí àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì bá lè tẹ́lẹ̀ pátá, ó tún dára jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́.

Tó bá ku díẹ̀ kí ó kanlẹ̀, àwọn tó ń rán ìjókòó ọkọ̀ lè gé fóòmù rẹ̀ kúrò díẹ̀. Irú oníṣẹ́ ọwọ́ bẹ́ẹ̀ wà ní Suame Magazine, àgbègbè àwọn mẹkáníìkì tí òkìkí rẹ̀ kàn káàkiri Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà.

Ẹ wo ọwọ́ yín náà. Ṣé ìka yín dé ibi bíréèkì àti kílọ́ọ̀ṣì láìnà tàntàn? Tí kò bá dé, ẹ ní kí mẹkáníìkì tún un ṣe kí ẹ tó gùn ún jáde.

Ẹ gbé e, ẹ tì í

Ọ̀pọ̀ alùpùpù 100 sí 150 tó wà lójú pópó wa máa ń wúwo tó kílò 100 sí 130. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ṣe ohun mẹ́ta yìí láìta ẹ́ńjìnnì rẹ̀:

- Ẹ gbé e dúró kúrò lórí sítáǹdì ẹ̀gbẹ́.
- Ẹ tì í lọ síwájú àti sẹ́yìn ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá.
- Ẹ tì í yí po lẹ́ẹ̀kan, sọ́tùn-ún àti sósì.

Tí ẹ bá ń mí gúlegúle lẹ́yìn èyí, ẹ rántí pé epo àti ẹrù ọjà ṣì máa kún un.

Irú wo ló bá yín mu?

Oríṣi mẹ́ta ló yẹ kí ẹ wò.

Àkọ́kọ́ ni èyí tí iwájú ìjókòó rẹ̀ lọ sílẹ̀, tí ẹni tó wọ ìró tàbí síkẹ́ẹ̀tì lè gbé ẹsẹ̀ kọjá níbẹ̀. Ní Nàìjíríà, "ladies' machine" ni wọ́n ń pè é. Honda Super Cub, tó jáde ní 1958, ló jẹ́ bàbá wọn. Nígbà tó fi di 2017, Honda ti ṣe ju mílíọ̀nù 100 rẹ̀ lọ. Ó fúyẹ́, ó ní jíà, àmọ́ kò ní kílọ́ọ̀ṣì tí ẹ máa fọwọ́ fà. Fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀, òun ló rọrùn jù.

Èkejì ni sukútà. Kò ní jíà rárá: ẹ lọ́ ọwọ́ ọ̀tún, ó ń lọ. Àmọ́ táyà rẹ̀ kéré, kòtò ojú ọ̀nà sì máa ń jà á. Ó dára fún ẹni tí ọ̀nà ọ̀dà ló ń gbà.

Ẹ̀kẹta ni alùpùpù tí gbogbo èèyàn mọ̀, bíi Bajaj Boxer, TVS, Haojue àti Apsonic. Ó ga díẹ̀, ó sì ní kílọ́ọ̀ṣì. Àmọ́ kò sí mẹkáníìkì tí kò lè tún un ṣe, ẹ̀yà ara rẹ̀ kò sì wọ́n lọ́jà. Tí ẹsẹ̀ yín bá kanlẹ̀ lórí èyí tó kéré jù nínú wọn, ẹ lè rà á.

Òkè àti gọ́tà Kumasi

Ilẹ̀ Tamale tẹ́ ju ti Kumasi lọ. Ní Kumasi, ọkọ̀ lè dá yín dúró lórí òkè, kí tirela sì wà lẹ́yìn yín. Nígbà náà, ẹsẹ̀ ọ̀tún ni yóò tẹ bíréèkì ẹ̀yìn mọ́lẹ̀, ẹsẹ̀ òsì nìkan ni yóò gbé gbogbo ara dúró. Ẹsẹ̀ òsì yín gbọ́dọ̀ kanlẹ̀ dáadáa.

Ọwọ́ ọ̀tún la ń rìn ní Ghana, bíi ti Nàìjíríà. Ojú ọ̀nà sì máa ń dagun sí apá ọ̀tún, níbi tí gọ́tà wà. Tí ẹ bá fẹ́ fi ẹsẹ̀ ọ̀tún tilẹ̀ níbẹ̀, ilẹ̀ lè jìnnà ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ẹ jẹ́ kó mọ́ yín lára láti máa fi ti òsì tilẹ̀.

Akoto àti ìwé àṣẹ

Ẹ má ná gbogbo owó sórí alùpùpù tán. Àyẹ̀wò kan tí àjọ Cochrane gbé jáde ní 2008 fi hàn pé akoto ń dín ewu ikú kù ní ìdá 42 nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì ń dín ewu kí orí fara pa kù ní ìdá 69. Kí ó fún mọ́ orí, kí ẹ sì so okùn rẹ̀.

Ẹ gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ àjọ DVLA; A ni ẹ̀ka ti alùpùpù. Ní ti gbígbé èrò fún owó, òfin L.I. 2180 ti ọdún 2012 kà á léèwọ̀ ní Ghana. Ìjọba gbé ìgbésẹ̀ láti yí i padà ní 2025, nítorí náà ẹ bi DVLA ní ohun tí òfin sọ lónìí. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ kò tilẹ̀ gbọ́dọ̀ gbé ẹnikẹ́ni sẹ́yìn.

Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà

Kejetia kọ́ ni ibi ìkẹ́kọ̀ọ́. Ẹ wá pápá tàbí ọgbà iléèwé tó ṣófo lọ́jọ́ Sunday, kí ẹni tó mọ̀ ọ́n gùn dáadáa dúró tì yín. Ẹ kọ́ bí a ṣe ń dúró kí ẹ tó kọ́ bí a ṣe ń sáré. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá òkè kékeré kan tí ọkọ̀ kì í gbà.

Tó bá di ọjọ́ ìrajà, ẹ mú ẹni tó mọ̀ nípa ẹ́ńjìnnì dání, àmọ́ ẹ má jẹ́ kí ó bá yín yàn án. Ẹsẹ̀ yín ni yóò kanlẹ̀, kì í ṣe tirẹ̀. Tí ẹni tó ń tà á kò bá sì jẹ́ kí ẹ jókòó lé e, kí ẹ tì í wò, ẹ dá owó yín padà sápò, kí ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù kejì.