Bí Ìjọ Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì Ṣe Wá Orísun Rẹ̀ Nínú Ìwé Àtijọ́

Ní 2013, ìwádìí Yunifásítì Roehampton ka ìjọ tí kò dín ní 240, tí aláwọ̀ dúdú pọ̀ jù lọ nínú wọn, ní Southwark, agbègbè tí Peckham wà. Ìjọ tuntun kì í bọ́ lọ́wọ́ ìbéèrè kan: níbo ni ẹ ti ṣẹ̀ wá? Ìbéèrè yìí kan náà ni wọ́n bi Ìjọ Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn tí Ọba Henry Kẹjọ yọ ọ́ kúrò lábẹ́ Póòpù ní 1534.

Àwọn alátakò ní ìjọ àná ni. Matthew Parker, tí ó di Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Canterbury ní 1559, tí ààfin rẹ̀ ní Lambeth kò sì jìnnà sí Peckham, fi ìwé dá wọn lóhùn. Henry ti tú ilé àwọn mọ́ńkì ká, ìwé wọn sì ti fọ́n káàkiri. Ní 1568 ìjọba Elizabeth fún Parker láṣẹ láti wá wọn. Ṣáájú ìgbà náà, ní nǹkan bí 1566, ó ti mú kí John Day tẹ ìwàásù Àjíǹde tí Ælfric kọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, nítorí pé ẹ̀kọ́ rẹ̀ nípa búrẹ́dì Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa jọ ti àwọn alátùn-únṣe. Ní 1572 ni ìwé rẹ̀, De Antiquitate Britannicae Ecclesiae, jáde. Ó ní ẹ̀sìn Kristi ti dé Bìrìtéènì ṣáájú Augustine, ẹni tí Póòpù Gregory rán, tí ó dé ní 597.

Ṣùgbọ́n ìfẹ́ orísun lè fọ́ ojú onímọ̀. Parker gba ìtàn pé Joseph ará Arimatea ni ó mú ìhìn rere wá, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹlẹ́rìí ayé ìgbà náà kankan. Mọ́ńkì ni Ælfric fúnra rẹ̀, kì í ṣe ọ̀tá Póòpù. Àwọn akọ̀wé Parker sì kọ nǹkan kún àwọn ìwé àfọwọ́kọ mìíràn. Síbẹ̀, ó fi àkójọ rẹ̀ sílẹ̀ fún Corpus Christi College ní Cambridge. Nípa bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí ó tẹ̀lé e ṣe lè yẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ wò.

Ní 1891, àwọn ará Èkó dá United Native African Church sílẹ̀, kí wọ́n lè bọ́ lọ́wọ́ àkóso òyìnbó. Àwọn onírònú ìgbà náà tọ́ka sí Etiópíà inú Bíbélì pé ẹ̀sìn Kristi kì í ṣe àlejò ní Áfíríkà.

Odò tí ó gbàgbé orísun rẹ̀ yóò gbẹ. Èyí tí ó sì yá orísun odò mìíràn kò mọ ara rẹ̀. Ìjọ Peckham kò nílò Joseph ará Arimatea. Ohun tí ó nílò ni ìwé ìpàdé, àkọsílẹ̀ ìrìbọmi àti ẹ̀rí àwọn àgbà, ní èdè Yorùbá, ní ibi tí àwọn ọmọ yóò ti rí wọn kà.