Kọ̀ǹpútà àti Àtúntò Iṣẹ́

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó gbà pé bí kọ̀ǹpútà, ẹ̀rọ ayára-bí-àṣá, bá ti wọ ilé-iṣẹ́, iṣẹ́ ti yá nìyẹn. Kì í fi ìgbà gbogbo rí bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀nà bá wọ́, ẹṣin tí ń sáré kò lè sọ ọ́ di títọ́.

Ẹ jẹ́ kí a wo ilé-iṣẹ́ Ford, tí ń ṣe ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ní Amẹ́ríkà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, òṣìṣẹ́ tí ó lé ní 500 ni ó wà ní ẹ̀ka tí ń sanwó fún àwọn ọlọ́jà. Ìwé mẹ́ta ni wọ́n ń fi wéra: ìwé tí a fi béèrè ọjà, ìwé tí ilé ìkẹ́rù kọ nígbà tí ọjà dé, àti ìwé owó tí ọlọ́jà fi ránṣẹ́. Nǹkan 14 ni ó gbọ́dọ̀ bára mu. Bí ọ̀kan bá yàtọ̀, owó dúró, akọ̀wé á sì máa wádìí kiri.

Àwọn ọ̀gá kọ́kọ́ rò pé kọ̀ǹpútà yóò dín òṣìṣẹ́ kù ní ìdá 20 nínú 100. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n wo Mazda ní Japan, ènìyàn márùn-ún péré ni wọ́n bá nídìí iṣẹ́ yìí. Lóòótọ́, Mazda kéré sí Ford, síbẹ̀ ìyàtọ̀ náà kọjá ti ìtóbi.

Ford wá tún iṣẹ́ náà tò láti ìpìlẹ̀. Ẹni tí ó ra ọjà yóò tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà. Nígbà tí ọjà bá dé, òṣìṣẹ́ ilé ìkẹ́rù yóò yẹ̀ ẹ́ wò níbẹ̀. Bí ó bá bára mu, ó gbà á, kọ̀ǹpútà á sì pèsè sọ̀wédowó. Bí kò bá bára mu, ọjà padà. Kò sí ìwé owó mọ́. Nǹkan 14 di mẹ́ta, òṣìṣẹ́ sì dín kù ní ìdá 75 nínú 100.

Ọ̀mọ̀wé Michael Hammer ni ó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí nínú ìwé ìròyìn Harvard Business Review ní 1990. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé ẹ̀ka mẹ́ta ń wo àkọsílẹ̀ kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà iṣẹ́ fífi ìwé wéra kú fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní 1996, Hammer gbà pé òun kò ka ọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ sí tó.

Nítorí náà, kí ilé-iṣẹ́ tàbí ilé-ẹ̀kọ́ tó ra kọ̀ǹpútà, ó yẹ kí ó béèrè: ìwé yìí, kí ni ó ń dáàbò bò? Bí a bá sì mú un kúrò, iṣẹ́ wo ni ẹni tí ń kọ ọ́ yóò máa ṣe?