Ìgbà Wo Ni Mọ́tò Náà Ń Gbóná?

Ooru inú ẹ́ńjìnnì mọ́tò kì í ṣe kékeré. Níbi tí epo ti ń jó gan-an, iná rẹ̀ lè kọjá 2,000°C, bẹ́ẹ̀ álúmíníọ̀mù tí wọ́n fi ṣe orí ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì ń yọ́ ní bíi 660°C. Omi ló ń gbé ooru náà kúrò. Pọ́ǹpù omi á tì í káàkiri inú ẹ́ńjìnnì, á gba họ́ọ̀sì òkè wọ rédíétọ̀, atẹ́gùn á fẹ́ sí i níbẹ̀, á sì gba họ́ọ̀sì ìsàlẹ̀ padà sẹ́nu iṣẹ́. Tẹ́mósítáàtì kì í jẹ́ kí omi lọ sí rédíétọ̀ àfi tó bá gbóná tó bíi 82 sí 90°C, torí ẹ́ńjìnnì tó tutù jù náà kì í ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Ìdérí rédíétọ̀, tí ọ̀pọ̀ èèyàn kà sí ọmọrí lásán, ní sípíríǹgì nínú tó ń há omi mọ́lẹ̀ kó má bàa hó ní 100°C. Bí ìdérí bá le dáadáa, tí omi àti kúláǹtì sì jẹ́ ìdajì-ìdajì, ooru lè kọjá 120°C kí ó tó hó.

Nínú mọ́tò tó ti lo ogún ọdún, gbogbo ẹ̀yà wọ̀nyí ló ti jọ gbó. Ìdí nìyẹn tí mẹkáníìkì tó bá ń méfò fi máa ń rí nǹkan tọ́ka sí: lónìí rédíétọ̀ ni, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ pọ́ǹpù ni, owó á tán, ooru ò ní lọ. Ìbéèrè tó ń dín ìnáwó kù kò ju pé ìgbà wo gan-an ni mọ́tò náà ń gbóná.

Kí wọ́n tó bi í, kí wọ́n mọ̀ bóyá omi pé. Òwúrọ̀, nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù, ni wọ́n ń wò ó. Bí omi bá ń dín kù, ó ń gba ibì kan jáde. Ojú ibi tí họ́ọ̀sì ti wọnú irin ni kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò, lẹ́yìn náà abẹ́ pọ́ǹpù omi. Ihò kékeré kan wà lára pọ́ǹpù tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ lu sí i: bí ṣíìlì inú rẹ̀ bá ti jẹ, ibẹ̀ ni omi ti ń kán, ipa rẹ̀ á sì hàn lára irin, pupa bí ìpẹtà tàbí àwọ̀ kúláǹtì. Kápẹ́ẹ̀tì tó ń tutù lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹni tó jókòó níwájú lè jẹ́ àmì pé rédíétọ̀ kékeré ti hítà ló ń jò.

Mọ́tò tó ń gbóná nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, tí géèjì rẹ̀ sì ń wálẹ̀ bó bá ti bọ́ sí márosẹ̀, fáànù rẹ̀ ni kí wọ́n fura sí. Lórí ìrìn, atẹ́gùn ojú ọ̀nà ń ran fáànù lọ́wọ́. Bí mọ́tò bá dúró, fáànù nìkan ló kù. Fáànù oníná yẹ kó bẹ̀rẹ̀ sí í yí bí omi bá dé bíi 95°C. Nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò, títan AC náà ń mú un yí. Bó bá yí fún AC tí kò yí fún ooru, fáànù fúnra rẹ̀ ò lẹ́bi, súìṣì tó ń mọ ooru omi tàbí wáyà rẹ̀ ni kí wọ́n yẹ̀ wò. Rewáyà a máa so irú fáànù bẹ́ẹ̀ ní dírẹ́ẹ̀tì, kó máa yí látìgbà tí wọ́n bá ti ṣí kọ́kọ́rọ́. Ìyẹn lè gbé èèyàn délé, kì í ṣe àtúnṣe.

Ti Peugeot 504, tí iléeṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Kàdúná ní 1975 tò jáde rẹpẹtẹ, tún yàtọ̀. Mágínẹ́ẹ̀tì ló ń di fáànù rẹ̀ mú bí omi bá gbóná, káábọ́ọ̀nù kékeré kan ló sì ń gbé iná dé ọ̀dọ̀ mágínẹ́ẹ̀tì yẹn. Bí káábọ́ọ̀nù bá jẹ tán, fáànù ò ní lágbára mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bẹ́líìtì ń yí. Ìjàpá Volkswagen ní tirẹ̀ kì í mu omi rárá. Atẹ́gùn ló ń tu ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lára, bẹ́líìtì kan náà ló sì ń yí fáànù àti dáínámò. Bí iná pupa bátìrì bá tàn lójú ọ̀nà, kí awakọ̀ Ìjàpá dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Bó bá jẹ́ orí eré tàbí ìgbà tó ń gun òkè bíi ti Ẹ̀fọ̀n-Alààyè ni géèjì ń lọ sókè, ẹjọ́ fáànù kọ́. Omi ò rìn tó ni. Rédíétọ̀ lè ti dí látinú, pàápàá níbi tí wọ́n ti ń fi omi kànga tàbí bọhóò kún un láti ọdún dé ọdún, torí iyọ̀ ilẹ̀ inú omi náà a máa lẹ̀ mọ́ inú àwọn ọ̀pá rẹ̀. Kí wọ́n pa ẹ́ńjìnnì tó ti gbóná, kí wọ́n sì fọwọ́ ra ojú rédíétọ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀ pẹ̀lú ìṣọ́ra: ibi tó bá tutù láàárín èyí tó gbóná ni omi ò kọjá. Họ́ọ̀sì ìsàlẹ̀ tó ti rọ̀ náà a máa pa pọ̀ nígbà tí pọ́ǹpù bá ń fa omi kíkankíkan, bí wọ́n bá sì dúró wò ó, á ti padà sí bó ṣe wà.

Èyí tó ń gbóná láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ tí wọ́n bá ti sítáàtì rẹ̀ láàárọ̀ máa ń tọ́ka sí tẹ́mósítáàtì tó há tàbí tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì tó bẹ́. Tẹ́mósítáàtì kò ṣòro dán wò. Wọ́n á fi okùn so ó kọ́ sínú ìkòkò omi lórí iná, kó má kan ìdí ìkòkò. Bí omi bá ń hó tí kò ṣí, ó ti kú. Ohun tí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì wa ń ṣe ni pé wọ́n á yọ ọ́ sọnù, wọ́n á ní ilẹ̀ wa gbóná, a ò nílò rẹ̀. Àwíjàre lásán nìyẹn. Ẹ́ńjìnnì tí kò ní tẹ́mósítáàtì á pẹ́ kó tó gbóná, á máa mu epo, á sì tètè gbó. Nínú àwọn ẹ́ńjìnnì kan, yíyọ ọ́ tilẹ̀ ń dá kún ooru, nítorí omi á gba ọ̀nà àbùjá padà sínú ẹ́ńjìnnì láì dé rédíétọ̀.

Tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì ni ẹ̀rù rẹ̀ ń ba onímọ́tò jù, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Bó bá bẹ́, gáàsì tó ń jó nínú sílíńdà á ya wọnú omi. Họ́ọ̀sì òkè á le gbandi kí ẹ́ńjìnnì tó gbóná rárá; bí wọ́n bá ṣí ìdérí nígbà tó ṣì tutù tí wọ́n sì sítáàtì rẹ̀, omi á máa yọ fóòmù láì dáwọ́ dúró. Èéfín funfun olóòórùn dídùn lè máa jáde, ọ́ìlì ara ọ̀pá ìwọ̀n sì lè di àwọ̀ tíì onímíìkì. Èyí tó dájú jù ni òògùn búlúù kan tí wọ́n máa ń gbé sẹ́nu rédíétọ̀: bí gáàsì ẹ́ńjìnnì bá kàn án, á di yẹ́lò. Kí wọ́n má ṣe pa gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun dé láì tíì wọn tọ́ọ̀pù sílíńdà wò bóyá ó ti wọ́, torí gásíkẹ́ẹ̀tì kì í dúró lórí irin tó wọ́.

Géèjì náà lè purọ́. Bí omi bá ti gbẹ kọjá ibi tí sẹ́ńsọ̀ wà, ọwọ́ rẹ̀ lè já wálẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń jóná lọ́wọ́. Bí ó bá sì ń gbóná lójú ọ̀nà, kí awakọ̀ pa AC, kó tan hítà títí dé òpin, kó wá ibi dúró sí, kó pa ẹ́ńjìnnì. Kò gbọ́dọ̀ ṣí ìdérí: omi tó há sínú rẹ̀ gbóná ju 100°C lọ, bí ó bá ti rí àyè, á fò sókè, á sì bó ojú. Kò tún gbọ́dọ̀ da omi tútù sí irin gbígbóná, torí irin lè là. Bí ó bá tutù tán, kó fi aṣọ dì í mú, kó yí ìdérí díẹ̀díẹ̀, kó rọ omi sí i nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti kú fúnra rẹ̀, tí kò sì gbà kí wọ́n yí i mọ́, fífà ló kù.