Ṣé o mọ̀? Àwàdà ló bí "OK"

Àṣìkọ àmọ̀ọ́mọ̀ṣe ni "OK" tí tọmọdé tàgbà ń pè lónìí. Ìwé ìròyìn Boston Morning Post ní Amẹ́ríkà ló tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹta ọdún 1839. Dípò "all correct", àwọn akọ̀ròyìn aláwàdà sọ ọ́ di "oll korrect", wọ́n wá gé e kù sí lẹ́tà méjì.

Irú ẹ̀fẹ̀ bẹ́ẹ̀ pọ̀ nígbà náà. Ọ̀pọ̀ ti kú. Ìdìbò ààrẹ Amẹ́ríkà ọdún 1840 ló gba OK là. Kinderhook ni wọ́n ti bí Ààrẹ Martin Van Buren, àwọn alátìlẹyìn rẹ̀ sì ń pè é ní "Old Kinderhook", ni OK bá di ariwo ìpolongo.

Van Buren fìdí rẹmi o. Ọ̀rọ̀ náà ló wọlé.