Ọmọ Ẹ̀kọ́ṣẹ́ ní Ilé Iṣẹ́ Asiráǹsì

Láti ìgbà tí àwọn kan nínú yín ti gbọ́ pé a kọ́ iṣẹ́ asiráǹsì, èyí tí àwọn ará wa ní Nàìjíríà ń pè ní adójútòfò, ni wọ́n ti ń bi wá pé irú iṣẹ́ wo nìyẹn, àti pé ṣé àwọn lè fi ọmọ sí i. Iṣẹ́ aránṣọ yé gbogbo ènìyàn. Ti káfíńtà náà yé wọn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí a kò lè fi ọwọ́ kan ohun tí a ń tà níbẹ̀, tí ẹni tí ó rà á sì ń gbàdúrà kí òun má rí ìlò rẹ̀, ó yẹ kí á jókòó ṣàlàyé rẹ̀.

Àwa mẹ́ta ni a jọ wọlé ní ọdún 2013, ní ilé iṣẹ́ asiráǹsì kan ní Kútọnu, fún oṣù 9. A kò gbé ọtí lọ fún ọ̀gá gẹ́gẹ́ bí ọmọ tí ń kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, kò sì sí ọjọ́ ìgbòmìnira tí ẹbí yóò pé jọ tí ọ̀gá yóò gbé ọwọ́ lé wa lórí. Lẹ́tà ilé ẹ̀kọ́ ni ó mú wa débẹ̀. Wọn kò san owó oṣù fún wa. Owó ọkọ̀ láti Àjàṣẹ́ sí Kútọnu, àlọ àti àbọ̀, lójoojúmọ́, àpò òbí wa ni ó ti ń jáde. Ẹ fi èyí sọ́kàn kí ẹ tó rán ọmọ lọ.

Oṣù méjì àkọ́kọ́, yàrá tí wọ́n ń kó fáìlì àtijọ́ sí ni a wà. Eruku, okùn, ìwé tí aáyán ti jẹ létí. Ọ̀pọ̀ ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ ni ó máa ń kùn pé ìyà ni wọ́n fi ń jẹ òun. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ka fáìlì kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí ó ka lẹ́tà ẹni tí ọkọ̀ gbá, tí ó ka èsì ilé iṣẹ́, tí ó rí iye tí wọ́n san tàbí ìdí tí wọn kò fi san, ẹni náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í mọ iṣẹ́.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n mú wa lọ sí iwájú, níbi tí a ti ń kọ ìwé fún oníbàárà. Àwọn awakọ̀ ni ó pọ̀ jù níbẹ̀, nítorí òfin ni ó mú wọn wá. Òfin náà kì í ṣe ti Bẹ̀nẹ̀ nìkan: orílẹ̀-èdè 14 ni ó jọ ń lò ó, Tógò sì wà nínú wọn. CIMA ni orúkọ ẹgbẹ́ wọn. Ní Yaoundé ni wọ́n ti fọwọ́ sí àdéhùn rẹ̀ ní 1992, òfin náà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1995. Ohun tí ó máa ń ya àwọn awakọ̀ lẹ́nu ni pé asiráǹsì tí òfin fi ṣe dandan kì í tún ọkọ̀ tiwọn ṣe. Ẹni tí wọ́n bá ṣe léṣe, tàbí tí wọ́n bá ba ohun ìní rẹ̀ jẹ́, ni ó wà fún. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí á tún ọkọ̀ tirẹ̀ ṣe yóò fi owó kún un. A máa ń sọ èyí kí á tó gba owó. Ọ̀gá kan níbẹ̀ kò fẹ́ràn rẹ̀ rárá, ó ní à ń lé oníbàárà.

Ọ̀rọ̀ àwìn tún wà. Nígbà kan rí, awakọ̀ lè gba ìwé lónìí kí ó máa san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2011 ni òfin ti yí padà: bí owó ọkọ̀ kò bá tíì wọlé, kò sí ààbò. Síbẹ̀ àwọn àgbà awakọ̀ ń bẹ̀ wá pé, “Ẹ kọ ọ́ fún mi, n óò mú owó wá lọ́jọ́ Ajé.” A kò lè kọ ọ́.

Wọ́n tún rán wa sí ọjà láti sọ̀rọ̀ asiráǹsì iná. Ìyá kan tí ń ta aṣọ bi wá pé: “Ẹ̀yin ọmọ mi, bí ọdún bá yí po tí iná kò jó ìsọ̀ mi, ṣé ẹ ó dá owó mi padà?” A ní, “Rárá, Ìyá.” Ó ní alájọ òun sàn jù wá lọ, nítorí owó tí òun bá dá ni òun ń kó. A ní òótọ́ ni, ṣùgbọ́n bí iná bá jó ìsọ̀ ní oṣù kejì, alájọ kò lè fún yín ju owó oṣù méjì lọ. Níhìn-ín, owó àwọn púpọ̀ tí iná kò jó ni a fi ń tún ìsọ̀ ẹni tí iná jó ṣe. Ìyá rẹ́rìn-ín, ó ní òun yóò rò ó. A kò gbúròó rẹ̀ mọ́.

Ibi tí a ti kọ́ iṣẹ́ gan-an ni ẹ̀ka tí ń bójú tó jàǹbá. Ọjọ́ iṣẹ́ 5, ó kéré tán, ni òfin fún oníbàárà láti sọ pé jàǹbá ṣẹlẹ̀. Bí ó bá jẹ́ olè ni ó gbé ọkọ̀, ó lè dínkù sí wákàtí 48. Ilé iṣẹ́ pẹ̀lú ní àkókò tirẹ̀: bí ọkọ̀ bá ṣe ènìyàn léṣe, ó gbọ́dọ̀ sọ iye tí yóò san láàárín oṣù 12 sí ọjọ́ jàǹbá, bí ẹni náà bá kú, oṣù 8 sí ọjọ́ ikú ni.

Obìnrin kan wá láti apá Pọ́bẹ̀ pẹ̀lú àbúrò ọkọ rẹ̀. Ọkọ̀ akẹ́rù ni ó gbá ọkọ rẹ̀ lórí alùpùpù. Ìwé akẹ́rù náà pé, owó rẹ̀ ti wọlé, ọ̀rọ̀ náà kò yẹ kí ó le. A béèrè ìwé ìgbéyàwó: kò sí. Ẹbí ni ó so wọ́n pọ̀, wọn kò dé ọ̀dọ̀ ìjọba. A béèrè ìwé ìbí àwọn ọmọ: ọmọ mẹ́rin, ìwé méjì. Ìwé ìwádìí ṣì wà lọ́dọ̀ àwọn jándáàmù, ẹnikẹ́ni kò tíì béèrè rẹ̀. Àbúrò ọkọ ni ó ń sọ̀rọ̀ ṣáá, bí ẹni pé òun ni owó náà tọ́ sí. Ìyàwó wo ilẹ̀. Ọ̀kan nínú wa bá wọn rìn títí dé ilé ẹjọ́, kí adájọ́ tó fún àwọn ọmọ méjì yòókù ní ìwé. Nígbà tí oṣù 9 wa pé, ìpín àwọn ọmọ ti jáde. Ti ìyá wọn ṣì ń dúró.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ṣé ìwé ìbí àwọn ọmọ yín pé nílé?

Àwọn ará Kétu àti Àjàṣẹ́ tí ń wa ọkọ̀ kọjá ẹnubodè, ẹ béèrè Carte Brune ti CEDEAO lọ́wọ́ ẹni tí ó ń kọ ìwé fún yín. Ní Kútọnu níbí ni àwọn ìjọba ti fọwọ́ sí i, ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 1982, kí ẹni tí ọkọ̀ Bẹ̀nẹ̀ bá ṣe léṣe ní Nàìjíríà lè gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ lọ́hùn-ún, láìjẹ́ pé ó ń wá wa bọ̀ níhìn-ín.

Nínú àwa mẹ́ta, ẹnìkan ti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, ó ń ta ohun èlò ilé ní Àjàṣẹ́, ó sì ń rí jẹ. Ẹnìkan tẹ̀síwájú sí ilé ẹ̀kọ́ asiráǹsì ní Yaoundé, èyí tí a dá sílẹ̀ ní 1972. Ẹnì kẹta ṣì wà ní ẹ̀ka jàǹbá. Bí opó bá wọlé, yóò fún un ní àga àti omi, yóò sì rọra ní kí àbúrò ọkọ dúró níta díẹ̀.