Àjẹ́ Ké Lánàá, Ọmọ Kú Lónìí

Ní Ìpara yìí, bí ọ̀rọ̀ ikú Olóyè Bọ́lá Ìgè bá ṣẹ́ yọ láàárín àwọn oníṣòwò, ẹnìkan a ní òun mọ ẹni tí ó pa á, ẹlòmíràn a dárúkọ mìíràn. Òwe kan náà ni gbogbo wọn sì fi ń ti ọ̀rọ̀ lẹ́yìn: àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ni ó pa ọmọ jẹ?

Kí ni ó sọ gbogbo wa di adájọ́ báyìí? Ẹ jẹ́ kí a yẹ̀ ẹ́ wò.

Ní oṣù December ọdún 2001, wọ́n ṣí fìlà lórí Olóyè Ìgè ní gbangba ní ààfin Ọọ̀ni. Kò pẹ́ lẹ́yìn èyí, wọ́n pa aṣòfin Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kan ní Ilé-Ifẹ̀. Síbẹ̀, ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 23 oṣù náà, àwọn apànìyàn wọ ilé olóyè náà ní Bódìjà, Ìbàdàn, wọ́n sì yìnbọn pa á ní ìyẹ̀wù rẹ̀. Àlàyé tí a gbọ́ ni pé àwọn ọlọ́pàá tí ń ṣọ́ ọ ti lọ jẹun. Bẹ́ẹ̀ sì ni Mínísítà ètò ìdájọ́ fún gbogbo Nàìjíríà ni ọkùnrin yìí!

Wọ́n mú àwọn kan lọ sí ilé ẹjọ́. Ẹnìkan jẹ́wọ́, ó sì tún sẹ́. Adájọ́ kan yọwọ́, ó ní wọ́n ń fúngun mọ́ òun nítorí béèlì. Ní 2004, ilé ẹjọ́ dá òṣèlú tí òkìkí ẹ̀sùn náà kàn jù lọ láre. Títí di òní, a kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi.

Ìbéèrè tí ó ṣẹ́kù kì í ṣe awo. Ta ni ó yọ̀ǹda kí àwọn ẹ̀ṣọ́ fi ẹnu ọ̀nà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà? Ìyà wo ni ó jẹ wọ́n? Nígbà tí ìjọba kò fún ará ìlú ní èsì tí ó tẹ́ wọn lọ́rùn, wọ́n ní ohun tí ń bẹ lẹ́yìn ẹfà, ó ju èje lọ.

Bákan náà ni ti Délé Gíwá, oníwèé ìròyìn tí bọ́ǹbù inú àpò ìwé pa ní Ìkẹjà ní ọjọ́ 19 oṣù October 1986. Ìgbìmọ̀ Adájọ́ Oputa pe Ọ̀gágun Babangida, ẹni tí ó wà lórí oyè nígbà náà, kò yọjú. Àìyọjú kì í ṣe ẹ̀rí ẹ̀bi, ṣùgbọ́n ta ni yóò rí èyí ṣàlàyé fún ará ọjà?

Ibi méjì ni àgbọ́sọ ń ṣe. Ó ń ba orúkọ aláìṣẹ̀ tí ilé ẹjọ́ ti dá láre jẹ́. Ó sì ń di igbó fún apànìyàn gidi, nítorí láàárín orúkọ púpọ̀ ni orúkọ tirẹ̀ ń fara pamọ́ sí.

Nítorínáà, kí àwọn aláṣẹ máa yára sọ ohun tí wọ́n mọ̀, kí wọ́n sì jẹ́wọ́ ohun tí wọn kò tíì mọ̀. Kí àwa náà máa béèrè ju bí a ti ń dárúkọ lọ. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Ogún ọdún ti kọjá láti 2001. Ní ti Bọ́lá Ìgè, òtítọ́ ṣì wà lọ́nà.